Ọjọ́ mẹ́rin lórí kẹ̀kẹ́ láàrin oko ìrẹsì Vercelli àti àwọn òkè Monferrato: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ Peckham, ọjọ́ Ajé, aago 7:40 òwúrọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin ará. Èmi àti àbúrò mi ọkùnrin ń múra láti lo ọjọ́ mẹ́rin lórí kẹ̀kẹ́ ní àríwá Ítálì, ní agbègbè Piemonte, nínú oṣù Karùn-ún. Èrò wa ni pé kí a wọ ọkọ̀ ojú irin láti Milano dé Vercelli, kí a gba àárín oko ìrẹsì lọ sí Casale Monferrato, kí a sọdá odò Po, kí a sì gun àwọn òkè Monferrato dé Crea kí a tó máa padà bọ̀. Kẹ̀kẹ́ wa jẹ́ irú tí wọ́n ń pè ní gravel, tí wọ́n ṣe fún ọ̀nà eléruku àti òkúta wẹ́wẹ́, táyà wa sì fẹ̀ ní mìlímítà 38.

Ohun tó ń kọ mí lóminú ni àwọn ọ̀nà náà fúnra wọn. Alẹ́ mẹ́ta gbáko ni mo fi jókòó ti máàpù. Láti Vercelli títí dé etí Po, ìlà tín-ín-rín ló kún ibẹ̀ bí àwọ̀n apẹja, bí mo bá sì wo fọ́tò tí wọ́n yà láti ojú ọ̀run, omi ni mo ń rí lẹ́gbẹ̀ẹ́ gbogbo wọn. N kò mọ èyí tó jẹ́ ọ̀nà gbogbo ayé, èyí tó jẹ́ ti olóko nìkan, àti èyí tí yóò gbé wa dé ẹ̀bá kòtò omi tí yóò sì já wa sílẹ̀ níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ tí mo wà ní Lọ́ńdọ̀nù sọ fún mi pé omi àti ẹ̀fọn nìkan ni a ó bá níbẹ̀ nínú oṣù Karùn-ún, pé kí a dúró di oṣù Kẹsàn-án. Àbúrò mi kò sì tíì pẹ́ lórí kẹ̀kẹ́, òkè máa ń tán an lókun. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ̀yin tí ẹ ti gba ibẹ̀ rí, ẹ là mí lọ́yẹ̀.

Ìyá Ìbejì Torino, ọjọ́ Ajé, aago 9:15 òwúrọ̀

Ẹ kú ètò o, bùọ̀dá wa. Ẹ má dúró di oṣù Kẹsàn-án. Omi tí ẹni yẹn fi ń dẹ́rù bà yín gan-an ni ohun tí ènìyàn ń torí rẹ̀ lọ. Òru oṣù Kẹrin ṣì máa ń tutù ní Vercelli, nítorí náà àwọn àgbẹ̀ máa ń da omi bo oko kí omi náà lè pa ooru ọ̀sán mọ́ fún irúgbìn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́. Oko kọ̀ọ̀kan ní pèpéle amọ̀ tó yí i ká, nígbà tí omi bá sì ti kún gbogbo wọn, ilẹ̀ náà á dà bí òkun tí wọ́n pín sí igun mẹ́rin mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ náà sì ni àwọn ará ibẹ̀ ń pè é. Ní òwúrọ̀ tí ojú ọjọ́ bá mọ́, òkè Alps tí yìnyín ṣì wà lórí rẹ̀ á dorí kodò sínú omi lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà yín. Ẹ̀ẹ̀mẹfà ni mo ti gba ibẹ̀ kọjá, kò sì sí ìgbà tí n kò sọ̀ kalẹ̀ láti wò ó.

Ní ti ọ̀nà, ẹ jáde ní Vercelli sí ìhà gúúsù ìwọ̀-oòrùn, kí ẹ forí lé Lucedio, ilé àwọn mọ́ńkì àtijọ́ kan. Àwọn mọ́ńkì Cistercian ló dá ibẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 1123, àwọn kan náà ni ìtàn sì ń dárúkọ nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan bí ìrẹsì ṣe wọ ilẹ̀ Vercelli ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún. Ilé agogo rẹ̀ tó ní igun mẹ́jọ ni ẹ ó kọ́kọ́ rí láti òkèèrè, ẹ lè fi í ṣe àmì nígbà tí ọ̀nà bá ń yí yín po. Oko aládàáni ni ibẹ̀ lónìí, wọ́n sì ń ta ìrẹsì wọn fún àlejò, ṣùgbọ́n ẹ kò lè ṣàdédé wọ inú ilé àwọn mọ́ńkì náà láìjẹ́ pé ẹ ti bá wọn ṣètò.

Láti Lucedio ẹ lọ sí Trino, kí ẹ sì gba inú igbó tí wọ́n ń pè ní Bosco delle Sorti della Partecipanza. Ìyókù igbó àtijọ́ tó bo pẹ̀tẹ́lẹ̀ náà kí ìrẹsì tó gbà á ni. Ní ọdún 1275 ni olórí ilẹ̀ Monferrato fi í fún àwọn ará Trino, àwọn àtọmọdọ́mọ wọn ló sì ṣì jọ ni ín títí di òní. Wọ́n máa ń pín apá tí wọ́n fẹ́ gé nínú igi rẹ̀ sí ìpín, wọ́n á sì ṣẹ́ gègé lé e, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè é ní igbó ìpín. Ọ̀nà inú rẹ̀ le dáadáa, ó sì ní ibòji, èyí tí ẹ kò ní rí níbòmíràn ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ yẹn.

Ẹ ó máa rí àwọn ilé oko ńláńlá tí wọ́n kọ́ yí àgbàlá ká. Cascina ni wọ́n ń pè wọ́n. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin tó ń tu koríko nínú ìrẹsì máa ń sùn láyé àtijọ́, àwọn mondine, tí omi máa ń mu dé orúnkún láti àárọ̀. Wọ́n dá iṣẹ́ sílẹ̀ ní Vercelli ní ọdún 1906 láti béèrè pé kí iṣẹ́ òòjọ́ má ju wákàtí mẹ́jọ lọ. N kì í lè kọjá níwájú cascina kan kí n má rántí wọn. Àwọn ilé yìí náà ni yóò sì yanjú ọ̀rọ̀ máàpù yín: ọ̀nà tó so cascina kan mọ́ òmíràn sábà máa ń já sí ibi tó yẹ, ṣùgbọ́n èyí tó kàn wọ inú oko tí kò sì kan ilé kankan, etí kòtò ló máa ń parí sí.

Ará Novara, ọjọ́ Ajé, aago 12:50 ọ̀sán

Òótọ́ ni Àǹtí sọ, ṣùgbọ́n mo fẹ́ tún ohun kan ṣe kí bùọ̀dá wa má bàa ra tíkẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ òfurufú lórí àṣìṣe. Kì í ṣe gbogbo oko ni wọ́n ń da omi bò nínú oṣù Kẹrin mọ́. Ọ̀pọ̀ àgbẹ̀ ti ń gbin ìrẹsì sínú ilẹ̀ gbígbẹ báyìí, wọ́n á dúró títí yóò fi hù tí yóò sì ga díẹ̀ kí wọ́n tó ṣí omi sí i. Ẹ lè rí oko kan tó kún fún omi, kí ẹ rí ìkejì rẹ̀ ní gbígbẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ní ọdún 2022 tí ọ̀dá mú odò Po, oko tí mo rí tó gbẹ pọ̀ ju èyí tó lómi lọ. Nítorí náà, bí ó bá jẹ́ omi ni ẹ ń wá, ìdajì kejì oṣù Karùn-ún dára ju ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ.

Ní ti ẹ̀fọn, oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ ni wọ́n máa ń yọni lẹ́nu jù, pàápàá nígbà tí oòrùn bá ń wọ̀. Nínú oṣù Karùn-ún, ẹ fi òróró ìlé-ẹ̀fọn pa ara ní ìrọ̀lẹ́, kí ẹ sì ti dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú, ó tán. Oṣù Kẹsàn-án tí wọ́n sọ fún yín ní wàhálà tirẹ̀. Àsìkò ìkórè ni, ẹ̀rọ ìkórè á gba gbogbo ojú ọ̀nà oko, eruku rẹ̀ á sì bo ẹ̀yin àti ṣéènì yín. Láti ọjọ́ Àìkú kẹta oṣù náà ni òfin Ítálì sì ti máa ń ṣí ìgbà ọdẹ sílẹ̀ títí di òpin oṣù Kìíní, ẹ ó máa gbọ́ ìbọn láti inú koríko.

Bàbá Gíà, ọjọ́ Ajé, aago 3:05 ọ̀sán

Ẹ̀yin ń le ọ̀rọ̀ yìí jù. Kí bùọ̀dá tẹ̀ lé Canale Cavour, ó parí. Odò àtọwọ́dá ni, láàrin ọdún 1863 sí 1866 ni wọ́n gbẹ́ ẹ, ó sì gùn ju kìlómítà 80 lọ, láti Chivasso níbi tó ti ń gba omi Po títí dé Galliate lẹ́bàá odò Ticino. Orúkọ olóṣèlú ńlá ilẹ̀ Ítálì ni wọ́n fi pè é, ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ní oko ìrẹsì ní Leri, nítòsí Trino. Etí rẹ̀ tẹ́jú, òkúta wẹ́wẹ́ ni wọ́n dà sí i, kò sí mọ́tò níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni ènìyàn kò lè ṣìnà níwọ̀n ìgbà tí omi bá wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Mo ti gùn ún láti Chivasso dé Santhià láì wo máàpù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ará Novara, ọjọ́ Ajé, aago 4:30 ìrọ̀lẹ́

Bàbá, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ọ̀nà tí ẹ júwe yìí kò lè gbé wọn débi tí wọ́n ń lọ. Àkọ́kọ́, àríwá Vercelli ni odò náà gbà kọjá, bẹ́ẹ̀ gúúsù ni Casale wà. Ìkejì, nígbà tí odò àtọwọ́dá náà bá dé etí odò Sesia, abẹ́ Sesia ló gbà kọjá, nínú ihò ńlá tí wọ́n fi bíríkì mọ sí ìsàlẹ̀ rẹ̀, tí omi á wọlé lápá kan tí yóò sì tún rú jáde lápá kejì. Iṣẹ́ ọwọ́ tó yẹ kí ènìyàn lọ wò ni, ṣùgbọ́n ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ kò lè gba abẹ́ odò. Mo ti rí àwọn kan tí wọ́n dúró sí ibẹ̀ tí wọ́n ń wo fóònù wọn, tí wọ́n sì ní láti yí padà wá sí afárá Vercelli.

Ìkẹta, etí odò yẹn jẹ́ ti àwọn tó ń bójú tó omi. Àwọn ibì kan wà tó ṣí sílẹ̀, ní àwọn ibòmíràn irin ni wọ́n fi dábùú rẹ̀ pẹ̀lú àkọlé divieto di accesso, tó túmọ̀ sí pé kí a má wọlé. Ẹ bọ̀wọ̀ fún un. Etí náà ga, ògiri inú rẹ̀ dà gẹ̀ẹ́rẹ́, omi rẹ̀ sì ń sáré. Ẹni tó bá já sínú rẹ̀ kò ní rí ohun dì mú.

Bàbá Gíà, ọjọ́ Ajé, aago 5:10 ìrọ̀lẹ́

Mo gbà. N kò gùn ún kọjá Santhià rí, n kò sì mọ̀ nípa ti Sesia. Kí bùọ̀dá má tẹ̀ lé ìmọ̀ràn mi lórí èyí. Ohun tí mo ṣì dúró lé ni pé ẹ̀rọ atọ́nà nìkan kò tó. Kí ẹ ya máàpù náà sórí ìwé pẹ̀lú, nítorí ìkòríta inú oko jọra wọn púpọ̀, oòrùn ibẹ̀ kì í sì í jẹ́ kí ènìyàn rí ojú fóònù.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Alessandria, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 6:20 òwúrọ̀

Ẹ jẹ́ kí n sọ ti òkè, nítorí pẹ̀tẹ́lẹ̀ nìkan ni gbogbo yín ń sọ, bẹ́ẹ̀ òkè ni yóò dán àbúrò bùọ̀dá wò.

Àwọn òkè Monferrato kò ga. Crea, tí í ṣe ọ̀kan lára àwọn tó ga jù ní sàkáání Casale, jẹ́ mítà 455 péré. Ṣùgbọ́n wọn kì í jẹ́ kí ẹsẹ̀ sinmi. Ẹ ó gun ọ̀kan fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, ẹ ó já sí àfonífojì, òmíràn á tún dìde níwájú yín, àwọn ibì kan sì wà tí ìgòkè náà ju ìdá 12 nínú 100 lọ lórí òkúta wẹ́wẹ́. Kí àbúrò yín yí gíà rẹ̀ sí èyí tó fúyẹ́ jù kí ó tó dé ẹsẹ̀ òkè, kó má dúró di ìgbà tó bá ti wúwo. Kí ó jókòó, kí ó má dìde dúró lórí pẹ́dàlì, nítorí táyà ẹ̀yìn á máa yọ̀ bí ìwúwo ara bá ti kúrò lórí rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ẹrẹ̀ ni mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ jù. Ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ amọ̀ funfun tó wá láti ìsàlẹ̀ òkun àtijọ́. Òkúta tí wọ́n fi kọ́ ilé wọn, pietra da Cantoni, inú rẹ̀ ni ẹ ti lè rí ìkarahun tó ti di òkúta. Nígbà tó bá gbẹ, ó le bí sìmẹ́ńtì. Bí òjò bá rọ̀ sí i, láfún ló ń dà. Ní ọdún tó kọjá, mo wọ ọ̀nà ọgbà àjàrà kan lẹ́yìn Cella Monte ní wákàtí méjì péré lẹ́yìn òjò. N kò tíì lọ tó ọgọ́rùn-ún mítà tí kẹ̀kẹ́ mi fi dúró gbọnin. Ẹrẹ̀ náà ti dì sí àárín táyà àti férémù títí ẹsẹ̀ kẹ̀kẹ́ kò fi yí mọ́, mo gbé e lé èjìká, bàtà mi náà ń nípọn sí i ní gbogbo ìgbésẹ̀ bí ẹni tó wọ búrẹ́dì méjì. Ẹ̀ka igi àjàrà tí wọ́n gé sílẹ̀ ni mo fi ń ha á kúrò, díẹ̀díẹ̀, fún ìṣẹ́jú ogójì. Nígbà tí mo délé, mo rí i pé ó ti ha ọ̀dà ara férémù náà títí irin fi yọ.

Nítorí náà, bí òjò bá rọ̀, ẹ gba títì ọlọ́dà tó wà lórí ẹ̀yìn òkè láti abúlé dé abúlé. Mọ́tò kò pọ̀ lórí rẹ̀, ẹ ó sì máa rí ọ̀nà jíjìn. Bí oòrùn bá ràn fún ọjọ́ kan gbáko lẹ́yìn òjò, ẹ lè padà sínú àjàrà.

Kí ẹ tún dúró ní Cella Monte. Àwọn ènìyàn ibẹ̀ fi ọwọ́ gbẹ́ yàrá sínú òkúta lábẹ́ ilé wọn láti tọ́jú wáìnì, infernot ni wọ́n ń pè é, kò sí fèrèsé, òtútù rẹ̀ kì í yí padà láti ọdún dé ọdún. UNESCO fi wọ́n kún ogún àgbáyé ní ọdún 2014 pẹ̀lú àwọn ọgbà àjàrà Piemonte. Crea fúnra rẹ̀, pẹ̀lú àwọn ilé àdúrà kéékèèké tó wà káàkiri inú igbó rẹ̀, ti wà nínú ìwé wọn láti ọdún 2003.

Alákẹ̀kẹ́ Brescia, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:00 òwúrọ̀

Táyà mìlímítà 38 tó wọn o. Òun ni mo lò láti Casale dé Crea nínú oṣù Kẹfà, ilẹ̀ gbẹ, n kò jábọ́, n kò sì lu táyà. Kí wọ́n má ná owó tuntun.

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Alessandria, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 8:45 òwúrọ̀

Lórí ilẹ̀ gbígbẹ, òótọ́ ni. N kò ní kí wọ́n ra táyà fífẹ̀ nítorí ẹrẹ̀, táyà tó fẹ̀ jù gan-an ló máa ń jẹ́ kí ẹrẹ̀ dí férémù kíákíá. Àlàfo tó wà láàrin táyà àti férémù ni kí wọ́n wò. Bí ìka ọwọ́ kan kò bá lè kọjá níbẹ̀, kí wọ́n jìnnà sí ọ̀nà àjàrà lẹ́yìn òjò. Kí wọ́n sì dín afẹ́fẹ́ táyà kù díẹ̀ ní pẹ̀tẹ́lẹ̀, nítorí òkúta tí wọ́n ń dà sí ọ̀nà oko níbẹ̀ tóbi, ó sì ń gbọn ọwọ́.

Ìyá Ìbejì Torino, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 1:20 ọ̀sán

Ẹ ti gbàgbé láti sọ ti omi mímu àti oúnjẹ. Láàrin Vercelli àti Trino, ẹ lè lọ fún wákàtí méjì láì rí ṣọ́ọ̀bù. Omi tó yí yín ká kò ṣeé mu, omi oko ni. Ohun tí mo máa ń ṣe ni pé mo máa ń yà sí ibi ìsìnkú abúlé; ẹ̀rọ omi sábà máa ń wà níbẹ̀ nítorí òdòdó tí wọ́n ń bu omi rin lórí ibojì. Ẹ kí àwọn tó wà níbẹ̀, ẹ rọra pọn ọ́n. Bí ẹ bá rí acqua non potabile, ìyẹn omi tí kò ṣeé mu, lára ẹ̀rọ náà, ẹ má mu ún.

Ṣọ́ọ̀bù abúlé máa ń tì ní nǹkan bí aago méjìlá ààbọ̀, wọn kì í sì í ṣí títí di aago mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ẹ ra búrẹ́dì láàárọ̀. Ní Vercelli, kí ẹ jẹ panissa. Ìrẹsì tí wọ́n sè pọ̀ mọ́ ẹ̀wà ni, pẹ̀lú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tí wọ́n tọ́jú sínú ọ̀rá. Ẹni tí ìrẹsì ẹlẹ́wà ilé wa tọ́ dàgbà kò ní ṣàjèjì sí i, ó sì lágbára fún ẹsẹ̀. Ẹ ó rí lékeléke pẹ̀lú, irú tiwa gan-an, tí àwọn ọmọdé ń bẹ̀ pé kó fún àwọn ní èékánná. Wọ́n pọ̀ lẹ́yìn katakata nínú oko ìrẹsì yẹn.

Ọkọ̀ ojú irin: èyí tí wọ́n ń pè ní regionale, ìyẹn ọkọ̀ agbègbè, ni kí ẹ wọ̀, tí àmì kẹ̀kẹ́ bá wà lára rẹ̀, kí ẹ sì ra tíkẹ́ẹ̀tì kẹ̀kẹ́ mọ́ tiyín. Èyí tó ń lọ láàrin Milano àti Torino máa ń dúró ní Novara, Vercelli àti Santhià.

Ẹlẹ́kẹ̀ẹ́ Peckham, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago 9:30 alẹ́

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín gan-an. A ti sún ìrìn náà sí ọ̀sẹ̀ kẹta oṣù Karùn-ún. Ọjọ́ kìíní, Vercelli sí Lucedio, kí a sùn ní Trino. Ọjọ́ kejì, igbó Partecipanza láàárọ̀, kí a wá gba apá Morano lọ sí Casale. Ọjọ́ kẹta, Rosignano, Cella Monte àti Crea. Mo ti wọn àlàfo férémù mi, ìka ọwọ́ kan kọjá. Ti àbúrò mi kò kọjá. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló kù: ní ọjọ́ kẹrin, ṣé kí a padà sí Vercelli láti Crea ni, àbí ibùdókọ̀ ojú irin mìíràn wà tó sún mọ́ ọ̀hún tí a lè wọ ọkọ̀ Milano níbẹ̀?

Ọmọ Àkúrẹ́ ní Alessandria, ọjọ́rú, aago 6:05 òwúrọ̀

Ẹ má padà sẹ́yìn. Láti Crea ẹ gba Moncalvo lọ sí Asti. Ó sún mọ́ kìlómítà 30, òkè wà nínú rẹ̀ títí dé Moncalvo, lẹ́yìn náà ni yóò bẹ̀rẹ̀ sí í rọlẹ̀. Ọkọ̀ regionale pọ̀ ní Asti, ẹ lè gba Alessandria tàbí Torino dé Milano, ẹ kàn fi ààyè wákàtí kan sílẹ̀ kí ẹ tó ra tíkẹ́ẹ̀tì, nítorí ọ̀nà àjàrà kì í jẹ́ kí ènìyàn mọ ìgbà tí yóò dé.

Ní ọjọ́ kẹta, kí ẹ ti kúrò ní Casale kí aago méje tó lù, kí àbúrò yín lè gun Rosignano kí oòrùn tó mú. Bí òjò bá rọ̀ lóru, kí òun gba títì ọlọ́dà títí dé Crea, kódà bí ẹ̀yin bá rò pé kẹ̀kẹ́ tiyín lè wọ inú àjàrà. Ẹ jọ gba ọ̀nà kan náà. Alessandria kò jìnnà sí ibẹ̀. Bí ohunkóhun bá bàjẹ́ lára kẹ̀kẹ́ yín, ẹ kọ̀wé sí mi níbí, màá gbé mọ́tò wá pàdé yín.